Irinṣẹ́ Tó Ń Wọn Nǹkan Ló Ṣáájú: Ohun Tó Yẹ Ká Ní Nílé Láti Tọ́jú Mọ́tò Wa

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ kò lọ́jú pọ̀. Ẹ ní púpọ̀ nínú yín ló fi owó tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín ra mọ́tò, ẹ sì fẹ́ mọ irinṣẹ́ tó yẹ kí èèyàn ní nílé kó lè máa tọ́jú mọ́tò ọ̀hún fúnra rẹ̀. Mo bi àwọn aṣojú yín léèrè irú ọkọ̀ tó pọ̀ jù láàárín yín, wọ́n ní Corolla tòkunbọ̀ ni, èyí tó jáde láàárín 2003 sí 2008. Òun ni màá sì fi ṣe àpẹẹrẹ jù. Ẹni tó bá ń wa Honda tàbí Volkswagen, kó fọkàn balẹ̀, màá dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ náà.

Bí ẹ bá wọ ọjà, ì báà jẹ́ Àráròmí ní Agodi Gate n'Íbàdàn níbí tàbí Ládípọ̀ ní Mushin, ohun tí ẹni tó ń ta irinṣẹ́ máa kọ́kọ́ ṣí síwájú yín ni àpótí kan tó ń dán gbinrin, tí irinṣẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún tò sínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ fara balẹ̀ kà wọ́n. Ẹ ó rí i pé orí sikurudiráfà kéékèèké ló kó ìdajì nínú wọn, pé àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ní nọ́ńbà tí kò bá nǹkan kan mu lára mọ́tò yín, àti pé nǹkan tí ẹ máa lò kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Owó náà ti lọ, síbẹ̀ ẹ ò tíì ní ohun kan ṣoṣo tó lè sọ fún yín bóyá ara mọ́tò náà dá tàbí kò dá.

Ohun tí mo wá sọ lónìí rèé: irinṣẹ́ tó ń wọn nǹkan ló yẹ ká rà ṣáájú irinṣẹ́ tó ń tú nǹkan. Mẹkáníìkì tó ti pé lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ bí nọ́ọ̀tì ṣe ń le, etí rẹ̀ ti mọ ohùn ẹ́ńjìnnì tí iná kò dé ibi kan nínú rẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin tí à ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù kò ní ọwọ́ yẹn, a ò sì lè rà á lọ́jà. Ohun tí a lè rà ni irinṣẹ́ tí yóò fi nọ́ńbà hàn wá. Nọ́ńbà kì í wojú ẹni, kò sì béèrè iye ọdún tí a fi kọ́ṣẹ́.

Gééjì táyà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò tóbi ju bírò lọ, owó rẹ̀ kò sì lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú yàrá yìí. Ọ̀pọ̀ wa ń gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, a ní kó "ṣe é dáadáa", ó sì ń fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ á fi gbà pé ó tó. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn ń padé mọ́. Bébà kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ṣe mọ́tò kọ iye afẹ́fẹ́ sí. Ti púpọ̀ nínú àwọn Corolla tí mò ń sọ yìí jẹ́ nǹkan bíi 30 psi. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sí ara táyà fúnra rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé o, ìyẹn ni ibi tí agbára táyà pin sí. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí mọ́tò tó jáde nílé, torí táyà tó ti gbóná lójú títì máa ń fi nọ́ńbà tó ju òótọ́ lọ hàn. Ẹni tó bá dín afẹ́fẹ́ táyà gbígbóná kù ní ọ̀sán gangan máa bá a ní rírọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀, ẹ fi ojú wá DOT lára táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin ló kẹ́yìn àwọn lẹ́tà rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Ojú tiyín tó lè kà á jẹ́ irinṣẹ́ tí ẹ ò san kọ́bọ̀ lé lórí, ó sì lè gba ẹ̀mí là lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ju ọ̀pọ̀ ohun olówó ńlá lọ.

Èkejì ni mítà iná, irú èyí tí àwọn rẹwáyà ń lò. Ẹ máa rò pé iṣẹ́ rẹwáyà ni mo fẹ́ fi kọ́ yín. Rárá, ohun méjì péré ni ẹ máa fi ṣe. Tí mọ́tò bá ti sinmi mọ́jú, ẹ gbé e lé orí bátìrì. Bátìrì tó kún dáadáa máa mú nǹkan bíi fóòtì 12.6, bí ó bá mú 12.2, ó ti tó ìdajì tó ti ṣòfò. Lẹ́yìn náà, ẹ sún mọ́tò, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Tó bá wà láàárín 13.5 sí 14.7, alternator ń gbé iná wá bó ṣe yẹ. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí nọ́ńbà kò gòkè rárá, bátìrì tuntun kò lè wo àìsàn yẹn, bí ẹ bá sì ra òmíràn, òun náà máa kú. Mélòó ló ti ra bátìrì lọ́dún kan náà lẹ́ẹ̀mejì torí pé kò sí ẹni tó wọn nǹkan kan? Ìyá tó ń ta ẹja tútù, tó ń fi mọ́tò gbé ọjà, kò yẹ kó máa sanwó irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí gbogbo yín ń pè ní sikánà. Gbogbo mọ́tò tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ihò kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù lápá ibi tí awakọ̀ jókòó sí, ibẹ̀ náà sì ni kọ̀ǹpútà mọ́tò ti ń sọ̀rọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú tòkunbọ̀ wa láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, nítorí náà ihò yẹn ń dúró dè yín. Ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, tó ń bá fóònù yín sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Bluetooth, ti tó fún iṣẹ́ ilé. Nígbà tí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn, á gbé kóòdù jáde.

Ṣùgbọ́n ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí dáadáa. Kóòdù kì í sọ ohun tí ẹ máa rà. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ ju epo lọ. Ó lè jẹ́ rọ́bà kan ló là tí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Ó lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ló dọ̀tí, tí wọ́n kàn máa fọ̀. Ó sì lè jẹ́ pọ́ǹpù epo ló rẹ̀. Ẹni tó bá kà á tán tó sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀ tuntun kò tíì lo sikánà rárá, ó kàn lò ó láti fi dárúkọ ìnáwó ni. Ẹ kọ kóòdù náà sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá mẹkáníìkì yín, kí ẹ ní kó ṣàlàyé ọ̀nà tó máa gbà mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mẹkáníìkì gidi máa fẹ́ràn oníbàárà bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá bínú, ẹ ti mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí mo nífẹ̀ẹ́ sí jù nínú gbogbo rẹ̀, ni tọ́ọ̀kì sípánà, sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì. Èèyàn máa ń rò pé bí nọ́ọ̀tì bá ṣe le tó ni ọkàn wa ṣe máa balẹ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ Corolla, 103 Newton-mítà ni àwọn tó ṣe é ní kí a fún un dé. Tí ọ̀pá sípánà bá gùn ní mítà kan, ìyẹn dọ́gba pẹ̀lú ẹrù kìlógíráàmù mẹ́wàá àbọ̀ tí a so mọ́ ìdí rẹ̀. Tí ọ̀pá náà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, yóò gba nǹkan bíi kìlógíráàmù 26. Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe lẹ́bàá títì. Ọkùnrin tó wọn kìlógíráàmù 70 á gun orí wíìlì sípánà, á fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Lórí ọ̀pá 40 yẹn, ó ti fún nọ́ọ̀tì dé nǹkan bíi 275, ó lé ní ìlọ́po méjì àbọ̀ ohun tó yẹ, síbẹ̀ ó ń fi ọwọ́ méjèèjì nu ara wọn bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ tó péye.

Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e pọ̀. Bóòtù ẹsẹ̀ á fà gùn, eyín rẹ̀ á bàjẹ́, lọ́jọ́ kan á já. Díìsìkì bíréèkì tí wọ́n fún lápá kan ju apá kejì lọ lè wọ́, tí sítíárì á sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Obìnrin tí táyà rẹ̀ jò lójú ọ̀nà lálẹ́ kò sì ní lè tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n fún báyẹn, bó ti wù kó sapá tó. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo obìnrin tó ń wakọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí tọ́ọ̀kì sípánà tún nọ́ọ̀tì wọn fún nílé lẹ́yìn tí fọkanáísà bá ti ṣe tirẹ̀: ẹ fi wíìlì sípánà tú u díẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀kì sípánà tún un fún dé 103, kí ẹ máa ti ọ̀kan bọ́ sí èyí tó kọjú sí i, ẹ má ṣe tẹ̀ lé wọn yípo. Kí ẹ tún fi ọ̀pá gígùn kan tó tó sẹ̀ǹtímítà 60 sínú búùtù. Gígùn ọ̀pá ni agbára ẹni tí kò ní agbára.

Tí ẹ bá rà á, ẹ má fi tú nǹkan láé, iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá sì ti lò ó tán, ẹ dá a padà sí nọ́ńbà tó kéré jù kí ẹ tó gbé e pamọ́, kí sípíríìngì inú rẹ̀ lè sinmi. Èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ìdajì íǹṣì ni kí ẹ rà. Ó tó fún ẹsẹ̀ mọ́tò. Fún pọ́lọ́ọ̀gì, tó ń wọ inú orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, ẹ máa nílò èyí tó kéré sí i tó bá yá.

Ó wá kan àwọn tó ń tú nǹkan. Mọ́tò Japan kò ní wàhálà: 10, 12, 14, 17 àti 19 ló máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yín. 10 ló ń tú orí bátìrì. 14 ló ń tú bóòtù tí ọ́ìlì ń gbà jáde lábẹ́ Corolla. 21 ni nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ rẹ̀. Oní-Honda, nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ tìrẹ 19 ni, bóòtù ọ́ìlì rẹ 17. Pọ́lọ́ọ̀gì Corolla ọdún wọ̀nyẹn sì ń fẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn tó jẹ́ íǹṣì 5/8, tí rọ́bà wà nínú rẹ̀ tó máa di pọ́lọ́ọ̀gì mú.

Kí ló dé tí sípánà 13 inú àpótí bàbá yín kò fi bá mọ́tò yín mu? Àwọn tó ń wa Volkswagen Ìjàpá láyé ijọ́un, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó lọ́dún 1975, mọ̀ pé 13 ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ níbẹ̀. Bóòtù tí ara rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 8, orí 13 ni àwọn ará Jámánì fún un, àwọn ará Japan sì fún un ní 12. Èyí tó fẹ̀ ní 10, ti Japan jẹ́ 14, ti Jámánì 16 tàbí 17. Bóòtù kan náà ni, orí ló yàtọ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi fọwọ́ sí kí ẹnikẹ́ni ra àpótí irinṣẹ́ kó tó mọ orílẹ̀-èdè tí mọ́tò rẹ̀ ti wá. Ẹ jókòó ti mọ́tò fún ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ẹ yá sípánà, ẹ máa gbé e wò lára bóòtù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rí, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé yẹn ni kí ẹ mú lọ sọ́jà.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ yan sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà, ẹ fi onígun méjìlá sílẹ̀. Onígun mẹ́fà máa ń fi gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di bóòtù mú; onígun méjìlá ń di etí rẹ̀ nìkan, tí bóòtù bá sì ti ta ìpẹtà, orí rẹ̀ á bó, á di róbótó, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún á sì di ti ọjọ́ méjì. Ẹ mú bóòtù kan dání láti ilé, kí ẹ ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ níwájú ọlọ́jà. Bó bá ń mì jìgìjìgì lórí rẹ̀, ẹ má rà á, bó ti wù kó dán tó.

Mo fara mọ́ irinṣẹ́ tòkunbọ̀ ju tuntun tí kò lórúkọ lọ. Sípánà Gedore tàbí Stahlwille láti Jámánì, Britool láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹlòmíì ti lò fún ogún ọdún, ó ṣì máa sin yín fún ogún míì. Àwọ̀ rẹ̀ lè ti ṣí, ìyẹn kò burú. Ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ wò bóyá ó ti yà. Ohun kan péré ni kí ẹ ṣọ́ra fún nínú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: bí ẹ bá rí W lẹ́yìn nọ́ńbà, Whitworth ni, ìwọ̀n tí Joseph Whitworth gbé kalẹ̀ ní 1841. Kò sí bóòtù kan lára Corolla yín tó máa bá a mu.

Sikurudiráfà onístáà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Sikúrúù ara mọ́tò Japan jọ ti àwọn yòókù lójú, àmọ́ ihò rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, òun ló fà á tí sikurudiráfà lásán fi máa ń fò jáde tó sì ń jẹ orí rẹ̀. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ JIS sí lára. Ó ń ṣe tibí, ó ń ṣe tọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ jáàkì, n kò sì ní fi ẹ̀rín sọ ọ́. Jáàkì wà láti gbé mọ́tò sókè. Kò wà láti gbé e ró. Corolla wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ilẹ̀ ọgbà wa jẹ́ ilẹ̀ pupa, nígbà òjò ó máa ń rọ̀, ẹsẹ̀ jáàkì á sì rì díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó wà lábẹ́ mọ́tò mọ̀. Búlọ́ọ̀kù tí a fi yanrìn àti sìmẹ́ńtì mọ lè fọ́ lójijì láìfi àmì hàn. Ẹ má gbé ẹ̀mí yín lé e. Irin ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní jáàkì sítáńdì, méjì, ni kí ẹ rà, kí ẹ sì wá pákó líle tó nípọn sábẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ erùpẹ̀. Ẹ fi òkúta tàbí igi há táyà tó kù. Kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ ti mọ́tò náà láti ẹ̀gbẹ́ dáadáa. Tó bá mì, ẹ tún un ṣe. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì tó ra sítáńdì, kó máa ṣe gbogbo iṣẹ́ tí kò gba pé kó wọ abẹ́ mọ́tò, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ọ́ìlì pípààrọ̀ rọrùn lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn tó jáde ṣáájú nínú Corolla ọdún wọ̀nyẹn ń gba nǹkan bíi lítà 3.7, tòun ti fílítà. Gálọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin là ń rà, ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọlé. Ọ̀pá tí a fi ń wo ọ́ìlì ni kí ẹ gbà gbọ́. Bóòtù tó wà nísàlẹ̀, 37 Newton-mítà ti tó o, ìyẹn kò tó ìdá méjì nínú márùn-ún ti ẹsẹ̀ mọ́tò. Ẹ ra abọ́ gbòòrò tí ẹ máa gbe ọ́ìlì sí, ẹ má dà á sí gọ́tà: káfíńtà tó ń fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù pa igi lára kí ikán má bàa jẹ ẹ́ máa gbà á lọ́wọ́ yín tayọ̀tayọ̀. Tí ẹ bá ní irin láti fọ̀, kẹrosíìnì ni kí ẹ lò, ẹ má lo bẹntiróòlù. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí i tí wọ́n ń fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ ní àgbàlá mẹkáníìkì. Ilé yín ní ọmọdé àti iná ìdáná.

Àwọn nǹkan kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹ ra irinṣẹ́ wọn rárá. Irin tí wọ́n fi ń ká sípíríìngì mọ́lẹ̀: tó bá já, ó lè fọ́ èèyàn lójú. Wáyà tí ìdè rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè jẹ́ ti airbag, ẹ jìnnà sí i. Gáàsì AC ń fẹ́ ẹ̀rọ tirẹ̀. Bíréèkì, mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin ibí yìí ń wò mí, ṣùgbọ́n ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tì yín lẹ́yìn kí ẹ tó dá a ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti yí mọ́tò yín sí CNG láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, gáàsì inú sílíńdà yẹn ń ti ara rẹ̀ ní nǹkan bíi 200 bar, nígbà tí afẹ́fẹ́ inú táyà yín kò ju nǹkan bíi 2 lọ. Kò sí nọ́ọ̀tì kan lára rẹ̀ tó jẹ́ tiyín láti fọwọ́ kàn.

Alága, ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí. Gééjì àti mítà, kí olúkúlùkù ra tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀kì sípánà, sikánà tó dára, jáàkì ńlá oníwíìlì àti sítáńdì rẹ̀, ìgbà díẹ̀ lọ́dún ni ìdílé kan máa ń lò wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń dá owó jọ, tí ẹ mọ ẹni tó yá àti ẹni tó san, ẹ lè fi owó ẹgbẹ́ ra ẹyọ méjì méjì nínú wọn. Ẹ fi wọ́n sábẹ́ àbójútó akọ̀wé, kí ìwé àyálò wọn dá dúró gẹ́gẹ́ bíi ti owó, kí ọjọ́ àdápadà má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kí ẹni tó máa yá jáàkì kọ́kọ́ fi hàn lójú ẹlẹ́rìí pé òun mọ ibi tí òun máa gbé sítáńdì sí. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, mo ti ṣe tán láti wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ bá yàn, kí a gbé Corolla kan sí àárín ọgbà gbọ̀ngàn yìí, kí ìyá tó bá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún nọ́ọ̀tì márààrún dé 103.